Ọdún Tí Wọ́n Ti Ibodè

Ọdún tí wọ́n ti ibodè
ni ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì wa ní Ìgbẹmọ kò sùn mọ́.
Òórùn dísẹ̀lì ń bá mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Àpò tí mo ń bẹ̀bẹ̀ tà lọ́dún èṣí
ni àwọn ọlọ́jà Àkúrẹ́ ń jà lé lórí,
wọn kò tilẹ̀ béèrè òkúta inú rẹ̀.

Mo ra páànù. Mo kan òrùlé yàrá ẹ̀yìn.
Mo sọ fún Ọlọ́run pé ó ṣeun.

Rédíò wà lórí àgbá tí a fi ń bọ ìrẹsì.
Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ láti Àbújá,
ohùn rẹ̀ ń dán bí bàtà sójà:
"Ire wa," ó ní, "ire wa
ní àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá."
Ó ní àwa ni àgbà àdúgbò,
bí àgbà bá wúkọ́, kí ọmọdé mọ ohun tó ń wí.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo da ìrẹsì sómi gbígbóná.
Àgbà! Ó dùn létí ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ará oko.

Ojúolápé àbúrò mi,
tí a jọ ń ṣa òkúta ìrẹsì lábẹ́ igi ìṣin,
òun ló fẹ́ Àkàm̀bí ará Kétu.
Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni Àkàm̀bí ní,
ọ̀kan ti dẹnu kọlẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Tòmátì ló ń kó. Kò kó ìrẹsì rí láyé rẹ̀.
Èkejì dúró ní Ìdì-Ìrókò fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún
títí tòmátì fi domi,
tí omi náà ń kán sí bàtà aṣọ́bodè.

Ó pè mí lálẹ́. Kò sunkún.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire."
Ó ti gbọ́ nípa páànù.
Ọmọ rẹ̀ gba fóònù, ó fi Faransé kí mi,
ó rántí, ó tún fi Yorùbá kí mi,
ó wá ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn?"

Mi ò mọ ohun tí à ń dá ọmọ ọdún méje lóhùn.

Ìyá bàbá mi, tí ń pe ilé ní ulé,
a máa sọ nípa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé wa lórí.
Kì í ṣe òun ló rí i, ìyá rẹ̀ ló rí i.
Ó ní ajẹ́lẹ̀ kì í pariwo.
Ó ní ọkùnrin náà mọ ènìyàn kí,
a máa béèrè àlàáfíà ewúrẹ́
kí ó tó ní kí wọ́n fà á wá.
"Àwa là ń ṣọ́ yín," ni yóò wí.
Ire Ìbàdàn ni ewúrẹ́ wa.
Ire Ìbàdàn ni ọmọbìnrin tó lọ pọnmi tí kò bọ̀.
Títí Èkìtì fi parapọ̀,
tí a gbé ìbọn lọ sórí òkè.
Ìyẹn, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ló mọ̀ ọ́n.
Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa
ni bí ó ti ń rí láti jẹ́ Ìbàdàn:
bí ó ti rọrùn tó,
bí ewúrẹ́ náà ti ń dùn.

Mi ò ní kí wọ́n ṣí i o.
Gbèsè ẹ̀rọ ṣì wà lọ́rùn mi, mi ò lè purọ́.
Kí wọ́n ṣí i lọ́la,
àpò òkèèrè á tún gorí àpò tèmi jókòó.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àpò kékeré kan fún Ojúolápé.
Ọwọ́ mi ni mo fi ṣa òkúta rẹ̀,
ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, títí ojú fi ń ta mí.
Mo rán ẹnu rẹ̀. Mo kọ Kétu sí i lára.
Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.
Kò sí ọ̀nà tí yóò gbà.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù tuntun.
Ariwo rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.